Rákẹ́ẹ̀tì Olóhun

Ìdí mi kì í gbé ìjókòó. Bí ìyá mi ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn láti kékeré mi, kò sì purọ́ mọ́ mi. Ní ọ́fíìsì ìjọba tí mo ti ń tẹ̀wé lẹ́yìn òmìnira, àwọn yòókù á jókòó ti ẹ̀rọ wọn láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, èmi á ti dìde lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ọkàn mi ti lọ sí pápá tẹníìsì tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń ṣeré nírọ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Nígbà tó yá, kò sí obìnrin kan níbẹ̀ tó lè nà mí. Ìbínú mi nìkan ló ń nà mí.

Mo jẹ́ onínú fùfù, n kò ní fi pamọ́. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sínú nẹ́ẹ̀tì, rákẹ́ẹ̀tì ló ń jìyà rẹ̀, màá là á mọ́lẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe. Ìyá mi, tó jẹ́ opó katikíìsì, á ní ìbínú ò da nǹkan fún ni. Mo ti gbọ́ ọ títí etí mi fi di sí i.

Ìgbà tó yá, kílọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí Bódìjà ń wá obìnrin tí yóò máa kọ́ àwọn ìyàwó ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn ọmọ wọn ní tẹníìsì, owó oṣù sì wà níbẹ̀. Kí obìnrin máa jẹun nídìí tẹníìsì, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mo kọ̀wé sí wọn. Wọ́n ní kí n wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí n bá ọ̀kan nínú wọn gbá a kí àwọn wò mí. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, bí mo ti ń gbára dì, bọ́ọ̀lù mẹ́ta tẹ̀léra wọn bọ́ sínú nẹ́ẹ̀tì. Ariwo igi ni mo gbọ́. Rákẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí mo ní ti ṣẹ́ lọ́rùn.

Láti Agbowó tí mò ń gbé, mo sáré lọ sí Dùgbẹ̀, sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń tún agboòrùn àti rákẹ́ẹ̀tì ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan lẹ́yìn àwọn báǹkì. Ó gba tèmi, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀. Ó ní kí n wo ibi tí àpá pọ̀ sí. Ó ní bọ́ọ̀lù kì í dé ibẹ̀, ilẹ̀ ló ń dé ibẹ̀. Òun ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, òun ò sì ní tún un ṣe mọ́.

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀, mo ro ti ọjọ́ Àbámẹ́ta fún un. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó gbé rákẹ́ẹ̀tì kan jáde tó fi aṣọ wé, awọ tó wà níbi ìdìmú rẹ̀ ti dúdú.

“Mo yá ọ ni, n kò fún ọ. Bí mo ṣe gbé e fún ọ yìí ni kí o ṣe gbé e padà.”

Nílé wa, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Ìyá mi kì í dá ìkòkò tó yá padà láìfọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, mò ń gbé rákẹ́ẹ̀tì náà kiri bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ, ẹ̀rù ilẹ̀ gan-an sì ń bà mí.

Ìyá kan tó tó ẹ̀gbọ́n mi àgbà ni wọ́n ní kí n bá gbá a lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀. Kò sí adájọ́. Kálukú ló ń sọ ibi tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí lápá tirẹ̀. A ta ọ̀mì ní márùn-ún sí márùn-ún. Mo wá gbá ọ̀kan tó bọ́ sórí ìlà gan-an, ẹfun fò sókè, gbogbo ènìyàn rí i. Ìyá náà ní ó ti jáde. Títí di òní n kò mọ̀ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Ẹ̀jẹ̀ ru sí mi lórí. Ọwọ́ mi ti lọ sókè nígbà tí mo rí ibi tí àtẹ́lẹwọ́ ẹlòmíràn ti sọ awọ náà di dúdú. Mo sọ ọwọ́ kalẹ̀. “Ó dáa, mà,” ni mo wí. Ó nà mí ní méje sí márùn-ún. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo jáde.

Mi ò dúró níbì kankan títí mo fi dé Dùgbẹ̀. Mo da gbogbo rẹ̀ sí bàbá lára: mo pa á mọ́ra, kí ni mo rí gbà? Bàbá gba rákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi. Ó tú téèpù tó wà lọ́rùn rákẹ́ẹ̀tì, mo sì rí ibi tí igi náà ti sán tẹ́lẹ̀ rí. Ó ní kílọ́ọ̀bù yẹn kan náà lòun ti ṣiṣẹ́ láyé àwọn òyìnbó, òun ni ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tí wọ́n sanwó fún láti kọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn sọ pé bọ́ọ̀lù tí bàbá gbá ti jáde, bàbá sì la rákẹ́ẹ̀tì yìí mọ́lẹ̀ níwájú gbogbo wọn.

“Èmi ni mo borí lọ́jọ́ náà,” ó ní. “Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n lé mi. Wọ́n ní ẹsẹ̀ mi ò gbọ́dọ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́.”

Ojú tì mí. Ó tún téèpù náà wé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ara mi ò fi balẹ̀ kí lẹ́tà tó dé. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Mo gbé lẹ́tà náà lọ fún bàbá, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun á yá mi ní rákẹ́ẹ̀tì òun síwájú sí i, òun á sì sìn mí dé ibẹ̀.

Sòkòtò funfun ló wọ̀ lọ́jọ́ náà, èyí tó fi ń ṣeré láyé ọjọ́un. Ó ti pọ́n díẹ̀, àmọ́ ó lọ̀ ọ́ dáadáa. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì ti darúgbó níbẹ̀, ó sì dá a mọ̀. Ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wá ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ mọ̀ pé n kò lè jẹ́ kí ẹ wọlé.”

Gbogbo ìbínú tí mo ti ń bí láyé mi, kò sí èyí tó tó ti àárọ̀ yẹn. Ọwọ́ mi gbé rákẹ́ẹ̀tì sókè sí irin géètì náà. Bàbá ò wo ojú mi, rákẹ́ẹ̀tì ló tẹjú mọ́. Mo rọra gbé e wálẹ̀.

“Gbé e wọlé,” ó ní. “Ó ti pẹ́ tó ti dé ibẹ̀ gbẹ̀yìn.”

Mo kúnlẹ̀ fún un nínú eruku pẹ̀lú aṣọ funfun mi, mo sì wọlé. Lẹ́yìn igi ọgbà ni mo ti ń rí sòkòtò funfun náà títí mo fi kọ́ ọmọ àkọ́kọ́ tán.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, agbára káká ni ojúmọ́ fi ń mọ́ kí inú má bí mi. Nígbà tí mo ra tèmi, mo gbé rákẹ́ẹ̀tì náà padà fún bàbá. Ó fi àtàǹpàkò tọ gbogbo etí rẹ̀ yí po, ó ń wá ibi tí mo ti ṣe é léṣe. Àpá kan ṣoṣo ló rí, tirẹ̀ sì ni.