Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Tí Kì Í Jẹ Àmì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ra ẹ̀rọ àlòkù láìfi ọwọ́ lérí, ọ̀dọ̀ mi ló yẹ kó wá. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níwèé. Ara bébà tí wọ́n fi ń wé ọṣẹ ni mo ti kọ́ ábídí, nígbà tí mo sì fi máa pé ọmọ ogún ọdún, mo ti ka gbogbo ìwé tó wà nílùú wa tán, mo wá ń ké sí àwọn tó ń kọ̀wé pé kí wọ́n ṣe kíá. Kẹ̀kẹ́ ni mo fi ogójì ọdún tún ṣe. Kẹ̀kẹ́ tí ọwọ́ mi bá kàn, ẹni tó gùn ún kì í fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn ara mi kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ìtàn ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi ni, èyí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Alámì.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ni Alámì ń ṣe. Ọdún mọ́kànlá ló fi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá kan tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Tí ẹ bá gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ bá a, kò ní jẹ́ kó jáde láìní àmì ohùn lórí àti àmì kékeré lábẹ́. Ọ̀gá ẹ̀ á máa pariwo látẹ̀yìn.

"Àmì o, àmì o! Ṣé àmì la máa sè jẹ ni? Àwọn èèyàn ń dúró!"

"Ọ̀gá, ẹ fara balẹ̀. Màmá yìí ní ọkọ̀ òun ti bàjẹ́, òun fẹ́ tà á. Tí mi ò bá sàmì sí i, ṣé ọkọ ẹ̀ la fẹ́ bá a tà ni?"

Màmá oníbàárà á ní kò burú, tí ẹni tó máa ra ọkọ náà bá wà, kí wọ́n fi sí i. Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn títí ọ̀gá fi sọ fún un lọ́jọ́ kan pé kó yan ọ̀kan, àmì tàbí àga. Alámì dìde lórí àga.

Ó gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan sí yàrá iwájú nílé ẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí títì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba iṣẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù ú kù: kò ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Tó bá tẹ iṣẹ́ tán lórí kọ̀ǹpútà, ìta ló ń gbé e lọ kó tó di bébà, èrè á sì ti ṣẹ́ kù sójú ọ̀nà. Níbi tó wà nìyẹn tí ọ̀gá àgbà ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tó wà ní títì kẹta fi wá bá a. Obìnrin náà fẹ́ ogójì ìwé kíkà àkọ́kọ́ fún àwọn ọmọ tuntun, olójú ewé mẹ́jọ, pẹ̀lú gbogbo àmì.

"Iṣẹ́ rẹ wù mí," ló wí. "Àmọ́ àárọ̀ Mọ́ńdè làwọn ọmọ ń wọlé. Tí aago mẹ́jọ bá lù tí mi ò rí ìwé, ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ àtijọ́ ni mò ń gbé e lọ o, àtèyí àti gbogbo èyí tó ń bọ̀ lọ́dún yìí."

Owó tí Alámì ti ń tù jọ kò tó ra ẹ̀rọ tuntun. Àlòkù kan ló tó rà. Tí ọ̀kan náà bá sì já sí òfo, kò sí òmíràn, ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló máa fi rìn padà lọ bẹ ọ̀gá.

Ní àárọ̀ Sátidé, ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Bàbá Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ."

"Àbí o fẹ́ dá lọ tẹ́lẹ̀ ni?" Mo dìde, mo dé fìlà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tí orí ẹ̀rọ bá wọ́, èmi náà ni màá tún un ṣe.

Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù tí a wọ̀, Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pè é, torí pé eyín ẹ̀ kì í wọlé. Ó to àwọn ẹ̀rọ sórí pákó gígùn, wọ́n dúró bí àwọn tó ń retí dókítà. Ó lẹ bébà funfun kan mọ́ iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ÓDÁRA, KÒ LẸ́GBẸ́, iye owó sì wà lábẹ́ ẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ bàbá mi. Ẹ káàbọ̀ àǹtí mi. Kò sí èyí tí kò dára níbí o. Tí ẹ bá di ojú yín, tí ẹ na ọwọ́, èyí tí ọwọ́ yín bá bà ti dára. Bàbá, ẹ jókòó, ẹ jókòó."

Ó fi ìjókòó kúkúrú kan hàn mí lẹ́nu ọ̀nà, tó fi tìmùtìmù pẹlẹbẹ bò. Mo jókòó. Ó lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́ lábẹ́ mi. Mo rò pé ọjọ́ orí ló ń ṣe mí.

Ojú mi kọ́kọ́ bọ́ sára ẹ̀rọ ńlá kan tó funfun tó ń dán, tó ní dígí lójú. Ó lè tẹ̀wé, ó lè dà á kọ, ó lè ya àwòrán ìwé. "Alámì, èyí rèé," ni mo wí. Mo dìde, mo ṣí ikùn ẹ̀, mo fa àpótí tónà, ìyẹn àtíkè dúdú tó ń di lẹ́tà, jáde nínú ẹ̀, mo mì í létí, mo ní, "Hẹ́n-ẹn, ó pé." Kí n má purọ́, n kò mọ ohun tí mò ń gbọ́, ṣùgbọ́n Ẹlẹ́rìn-ín tẹríba fún mi bí ẹni rí wòlíì.

"Bàbá mọ ẹ̀rọ!"

"Ẹ jẹ́ kó tẹ nǹkan fún mi," ni Alámì wí. Ó fa fílásì tó fi ń gbé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà yọ nínú báàgì ẹ̀. Ojú ewé mẹ́ta ló gbé wá. Àkọ́kọ́ kún fún àmì abẹ́: Ìyá bọ́ ọmọ. Wọ́n kọ́ ilé. Ìkejì kò ní ẹyọ àmì abẹ́ kan: Bàbá kó igi wá. Igi náà pé. Ìkẹta, òfìfo ni, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Àǹtí, ẹ fẹ́ kó tẹ òfìfo?"

"Ibẹ̀ lẹ̀rọ ti máa ń jẹ́wọ́."

Ẹ̀rọ arẹwà kùn, ó mi, ó tu bébà jáde. Lẹ́tà ibẹ̀ ṣá bí aṣọ tó pẹ́ lóòrùn. Àmì abẹ́ "ọmọ" ṣì ń tiro, ṣùgbọ́n ti abẹ́ "bọ́" ti lọ pátápátá. Mo kà á sókè: "Ìyá bó ọmọ."

"Ẹ gbà mí o!" ni Alámì wí. "Bí ẹní bó ọsàn?"

Ẹlẹ́rìn-ín ní, "Àmì tíńtín lásán nìyẹn, àǹtí mi. Ta ló máa rí i?"

"Ọmọ tí wọ́n ń bó máa rí i."

Bó ṣe kọ arẹwà sílẹ̀ nìyẹn. Ẹlẹ́rìn-ín fà wá lọ sọ́dọ̀ ìkejì, eérú ni àwọ̀ ẹ̀, ó mọ́ nigín. Ó lu àyà, ó ní ọmọdé ni èyí, kò tíì tẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìwé lọ láyé ẹ̀. Alámì kò bá a jiyàn. Ó kàn fi ìka tẹ bọ́tìnì kan mọ́lẹ̀ títí ẹ̀rọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìròyìn ara ẹ̀ jáde: orúkọ ẹ̀, agbára ẹ̀, iye ìwé tó ti tẹ̀. Ọ̀kẹ́ mọ́kànlá ó lé ni!

"Ọmọdé ti bí ọmọ-ọmọ," ni Alámì wí.

Ẹlẹ́rìn-ín yí ojú sí àjà. Inú mi dùn pé èèyàn kò ní irú bọ́tìnì bẹ́ẹ̀ lára, torí ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti wà ní ọmọ ọdún méjìlélọ́gọ́ta.

Àmọ́ Alámì ní ọjọ́ orí nìkan kò pa ẹ̀rọ, kó ṣì tẹ ojú ewé kejì fún òun wò. Ó tẹ̀ ẹ́, dúdú ẹ̀ dúdú dáadáa. Ṣùgbọ́n wò ó: Bàbá kọ́ igi wá. Igi náà pẹ́.

"Mi ò fi àmì abẹ́ kankan síbí o," ni Alámì wí.

"Ẹ̀rọ tó gbọ́ Yorùbá nìyẹn!" Ẹlẹ́rìn-ín pàtẹ́wọ́. "Ó ń bá yín sàmì sí i fúnra ẹ̀!"

Èmi gan-an rẹ́rìn-ín débi pé fìlà bọ́ lórí mi. Alámì gbé bébà náà sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó fi ìka tọ́ka fún wa. Àmì dúdú náà tò láti òkè dé ìsàlẹ̀ lójú kan náà, àlàfo àárín wọn dọ́gba. Ó ní ọ̀pá dídán kan máa ń yí nínú ẹ̀rọ lésà, òun ni tónà ń lẹ̀ mọ́ kó tó kan bébà. Tí ọ̀pá náà bá ti ní ọgbẹ́, iye ìgbà tó bá yí ni yóò sàmì. Nínú èdè mìíràn, wọ́n lè pè é ní ìdọ̀tí. Nínú tiwa, igi tó pé á di igi tó pẹ́.

Oòrùn ti ń kan àtàrí, mo ti padà lọ jókòó. Alámì ń pa báàgì ẹ̀ mọ́ra. Mo mọ ibi tí ọkàn ẹ̀ wà: ẹnu ọ̀nà ọ̀gá àtijọ́. Ó rọra yí padà bí ẹni fẹ́ máa lọ, ni ojú ẹ̀ bá bọ́ sára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Ó sún mọ́ ọn. Ó tún sún mọ́ ọn.

"Ẹ̀yin ará ibí, ẹ̀rọ wo ló tẹ èyí?"

"Èwo?"

"ÓDÁRA yìí. Dúdú ẹ̀ dúdú bí ẹni pé oòrùn ò kàn án rí, àmì ẹ̀ pé sórí, ó pé sábẹ́, ẹyọ kan ò yẹ̀."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn, eyín Ẹlẹ́rìn-ín wọlé. "Ìyẹn? Ìyẹn, tèmi ni. Kì í ṣe ti títà."

"Níbo ló wà?"

Ẹlẹ́rìn-ín kàn ń wò mí. Alámì náà wá ń wò mí. Mo dìde, mo ká tìmùtìmù kúrò: ẹ̀rọ dúdú kan rèé, ó rí gbàgìdì bí bíríkì, wọ́n fi téèpù so ìlẹ̀kùn bébà ẹ̀, ó sì ṣì ń gbóná látàárọ̀. Ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí ẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Tèmi ló gbóná!

"Mo ti mọ̀," ni mo wí kíákíá. "Kẹ́nì kan má gbé e lọ ni mo ṣe jókòó lé e."

Alámì tẹ ojú ewé àkọ́kọ́: ìyá bọ́ ọmọ, ọmọ yó. Ó tẹ ìkejì: igi pé. Mo sáré gba ìkẹta bó ṣe ń jáde, mo gbé e fún un. Àfi àmì dúdú kan gbàgbàgbà láàárín òfìfo.

Ojú Alámì fà ro. Ẹlẹ́rìn-ín ní, "Ẹ rí i? Mo ti ní kì í ṣe ti títà."

Alámì wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, kò rí èkejì. Ó wá fi ìka ra àmì náà, ó bá fà gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ.

"Tónà tó bá ti gba inú ẹ̀rọ kọjá, iná ti yọ́ ọ mọ́ bébà, kì í parẹ́," ló wí. "Èyí ń parẹ́. Bàbá Kékeré, ẹ jẹ́ n wo àtàǹpàkò yín."

Mo ti fi ọwọ́ sápò. Ẹlẹ́rìn-ín ló fà á jáde, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, láti ìgbà tí mo ti fa tónà arẹwà yọ. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di pákó mú. Alámì tẹ òfìfo mẹ́wàá mìíràn, ó ní kí n dúró síta. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá mọ́ bí eyín èwe.

"Ẹ tà á fún mi."

"Àǹtí mi, kí lèmi máa wá fi tẹ̀wé?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kò sí èyí tí kò dára níbí? Ẹ di ojú, ẹ na ọwọ́. Arẹwà wà níbẹ̀. Ẹ lo arẹwà, kí n lo òbùrẹwà."

Ẹnu ẹ̀ ti dè é. Ó wo arẹwà, ó wò mí. Mo na àtàǹpàkò sí i pé òun nìkan lèmi ní láti sọ. Ó ní ó dáa, kí Alámì fún òun ní iye tó wà lára èyí tó kéré jù. Síbẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò yọ owó. Ó kọ́kọ́ rékọjá sí ṣọ́ọ̀bù òdìkejì, ó bi wọ́n bóyá wọ́n ń ta tónà irú ẹ̀. "Èyí? Gbogbo títì yìí ló ń lò ó," ni wọ́n wí. Ìgbà náà ló sanwó, ohun tó kù sì ra tónà kan àti ìdì bébà méjì.

Èmi ni mo gbé ẹ̀rọ náà délé lórí kẹ̀kẹ́. Ó wúwo tó àgùntàn mẹ́rin. Látọ̀sán ọjọ́ yẹn títí di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, àwọn tó ń kọjá lójú títì ń gbọ́ ọ gbuuru, gbuuru, bébà sì ń jáde bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n lu aago fún. Alámì ń kọrin, èmi ń fi pín so ìwé. Ó ní kí n fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà.

Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ogójì ìwé ti wà lórí tábìlì ọ̀gá àgbà. Ó wọ dígí ojú ẹ̀. Ó mú ọ̀kan láàárín, kò mú tòkè. Ó ń fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀, ó ń kà á jáde, àwọn ọmọ tó ti dé sì ń kà á tẹ̀ lé e láìtíì mọ ohun tí wọ́n ń kà: "Ìyá bọ́ ọmọ! Wọ́n kọ́ ilé!" Ó dé ojú ewé ìkẹyìn, ó dúró, ó wo aago, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ka ìlà tó gbẹ̀yìn: "Iṣẹ́ wa pé."

"Pé, kò pẹ́," ni Alámì wí.

"Mo rí i. Jókòó, ká sọ̀rọ̀ ti ọdún."

Kò tó oṣù kan lẹ́yìn náà tí Ẹlẹ́rìn-ín fi gbé fílásì wá sí fèrèsé Alámì. Arẹwà ti jẹ gbogbo àmì ọ̀rọ̀ ẹ̀. Àwọn oníbàárà ń bi í pé kí ni "odara" tó ń tà. Alámì tẹ̀ ẹ́ fún un, ó sì gba owó lọ́wọ́ ẹ̀.

Òbùrẹwà wà lórí tábìlì tirẹ̀ báyìí, aṣọ mímọ́ ló fi bò ó. Ohun kan ló kù tó ń dùn mí. Gbogbo ìgbà tí mo bá yà síbẹ̀, kí n tó kí i pé o kú iṣẹ́, Alámì á ti sáré gbé àga sí mi nídìí.