Bàbá Èèyàn-Mélòó, Ẹni Tí Kì Í Ka Ara Rẹ̀

Ọjọ́ tí Bàbá Èèyàn-Mélòó ba àríyá ọ̀gá jẹ́ ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀ jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ti ra bisikíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó ti kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí iyàrá òkè tí fèrèsé rẹ̀ kì í tì dáadáa. Iléeṣẹ́ kékeré ni. Ìkànnì kan lórí ayélujára ni wọ́n ń bójú tó, níbi tí àwọn ẹbí máa ń gbé fọ́tò òkú wọn àti ọ̀rọ̀ ìrántí díẹ̀ sí, kí ẹni tí àárò bá ń sọ lè wá wò ó. Iṣẹ́ náà kì í jẹ́ kí èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí ọ̀gá ti ń wá ohun ayọ̀ kíri, lọ́jọ́ yẹn ó rò pé òun ti rí i.

"Ẹ pàtẹ́wọ́ fún ara yín!" ni ó wí. "Sáfà wa kọ ọ̀kẹ́ márùn-ún sílẹ̀ lóṣù yìí! Àlejò ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ohùn kan wá láti ẹnu ọ̀nà: "Èèyàn mélòó?"

Bàbá ni. Òun ni arúgbó tó ń tọ́jú sáfà, ẹ̀rọ tí gbogbo ìkànnì náà ń gbé inú rẹ̀, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ nínú iyàrá kótópó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn.

"Bàbá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán ni."

"Ìlà lẹ sọ, Ọ̀gá. Ẹ ò tíì sọ èèyàn." Ó fa ìwé kan yọ nínú àpò. "Bí ẹnì kan bá ṣí ojú ewé kan péré, ogún ìlà ni sáfà ń kọ sílẹ̀. Ìlà kan fún ojú ewé, ọ̀kan fún fọ́tò òkú, ọ̀kan fún àwòrán àbẹ́là, ọ̀kan fún òdòdó, títí dé orí ohun tí ojú ò rí. Ẹ pín ọ̀kẹ́ márùn-ún sọ́nà ogún. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ló kù. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin nínú ẹ̀, rọ́bọ́ọ̀tì ni, ẹ̀rọ tó ń ṣí ojú ewé kiri fúnra rẹ̀."

"Ṣebí rọ́bọ́ọ̀tì náà ń kà á?"

"Ọ̀kan nínú wọn ṣí ọ̀ọ́dúnrún ojú ewé láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọ̀gá, èèyàn wo ló ń ṣọ̀fọ̀ ọ̀ọ́dúnrún òkú ní ìṣẹ́jú kan?"

Ìyá tó ń gbálẹ̀ gbé ìgò rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá kò tíì parí. Ó ní nínú ẹgbẹ̀rún kan tó ṣẹ́kù, ẹni tó wá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹnì kan ṣoṣo náà ni. Lẹ́yìn tí òun ti yọ àwọn àwítúnwí kúrò, èèyàn ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́fà ni òun rí. Ó ká ìwé rẹ̀, ó ti ń lọ, ló bá tún yíjú padà.

"Ẹ má bínú, ó lé márùn-ún ni. Mo gbàgbé láti yọ yín kúrò, Ọ̀gá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlélọ́gọ́ta lẹ ṣí ojú ewé tí fọ́tò tiyín wà."

Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Ọ̀gá ní kí wọ́n fún Bàbá ní bisikíìtì tirẹ̀ kó lọ jẹ ẹ́ lọ́dọ̀ sáfà. Ó lọ, ó sì jẹ ẹ́ tán, inú rẹ̀ dùn.

Bó ṣe rí nìyẹn. Láràárọ̀ ló máa ń fi awò tí wọ́n fi òwú so ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sójú, á wá máa ka ohun tí sáfà kọ sílẹ̀ lánàá, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó ní sáfà dà bí olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà tó fọ́jú. Ó mọ ibi tí àlejò ti wá, ó mọ àsìkò tó dé, ó mọ ohun tó béèrè àti irú ẹ̀rọ tó gbé lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ojú, kò mọ orúkọ. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń sọ pé Bàbá nìkan ló lè ka ìwé tí kò ní ìtàn nínú, kó sì sunkún níbẹ̀.

Níbi ìsìnkú ìyàwó rẹ̀ pàápàá, kò yé kà. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, ibi tí wọ́n ta tapólì sí kún fọ́fọ́. Àna rẹ̀ gbá a mọ́ra, ó ní, "Ẹ ṣọkàn gírí. Ẹ wo èrò tó wá bá wa sin arábìnrin mi. Wọ́n tó igba!"

Bàbá nu ojú, ó wò yí ká. "Ọgọ́ta ló wá," ó ní. "Òjò ló lé àwọn tó kù wọlé."

Oṣù mẹ́ta ni àna kò fi kí i. Ṣùgbọ́n àwọn tó dúró tì í rí i pé bí ìka rẹ̀ ti ń kà ni omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì dáwọ́ èyíkéyìí dúró. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ọjọ́ kan tún wà tí opó kan tẹ iléeṣẹ́ láago láti dúpẹ́. Nísàlẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan ni ọ̀gá fi nọ́ńbà kan sí tó ń ka gbogbo ohun tó bá kọjá, rọ́bọ́ọ̀tì, èèyàn, gbogbo wọn. Opó náà ti rí i pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ló ti wá wo ọkọ òun. Akọ̀wé, obìnrin tó ń gba ìpè, gbé fóònù fún Bàbá, ó sì ń ṣẹ́jú sí i gidigidi pé kó gbà bẹ́ẹ̀.

"Méje ni, màmá," ni Bàbá wí.

Ẹkún sọ. Akọ̀wé ká ọwọ́ lérí.

"Ẹ má sunkún, ẹ gbọ́. Ọ̀kan nínú àwọn méje yẹn, gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń wá, aago mẹ́fà géérégé. Á máa ṣí fọ́tò ọkọ yín lọ́kọ̀ọ̀kan fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Oṣù mẹ́jọ rèé, kò pa ọ̀sẹ̀ kan jẹ."

Ẹkún dá wáí. "Ta ni?"

"Sáfà ò mọ orúkọ."

"Ṣé obìnrin ni?"

"Ìyẹn náà, kò mọ̀ ọ́n."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni opó náà fi ń wádìí kiri pẹ̀lú ìbínú. Ẹni tó wá rí ni awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ń wa bọ́ọ̀sì. Àárọ̀ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa ń jọ mu tíì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà tún pè. Ó ní kí wọ́n bá òun sọ fún bàbá olójú-líle yẹn pé méje náà tó òun.

Ní ọdún kejì tí ìyàwó Bàbá kú ni ọ̀gá ṣe òfin tuntun. Àyè ti kún lórí sáfà, kò sì sí agbára láti ra òmíràn. Ojú ewé tí èèyàn kankan kò bá ṣí fún odidi ọdún kan, kí wọ́n pa á rẹ́.

"Ẹ̀yin lẹ dá èèyàn mọ̀ yàtọ̀ sí rọ́bọ́ọ̀tì, Bàbá," ni ọ̀gá wí, kò sì fi bò pé ọ̀rọ̀ bisikíìtì ṣì ń dun òun. "Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ orúkọ wọn wá."

Bàbá fi ọjọ́ mẹ́ta kà. Òkú mọ́kànlá ló kọ, ó sì fún Akọ̀wé kó tẹ̀ ẹ́. Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ dé ìkọkànlá, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Bàbá, ìyàwó yín rèé."

"Mo rí i."

"Ṣebí ojoojúmọ́ lẹ̀ ń ṣí i? Ojú mi ló ń ṣe!"

"Òṣìṣẹ́ ni mí. Òṣìṣẹ́ kì í ṣe àlejò. Mo yọ ọ̀gá kúrò lójú gbogbo ayé, kí n wá ka ara mi?"

"Kò sí ẹlòmíràn tó wá?"

"A ò bímọ. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti dàgbà, wọn ò mọ fóònù lò." Ó bọ́ awò rẹ̀, ó ń nù ún, ó nù ún títí. "Tẹ̀ ẹ́, ọmọ mi. Ọ̀túnla ni wọ́n máa pa á rẹ́."

Akọ̀wé lọ bá ìyá tó ń gbálẹ̀ àti atúnfọ́tòṣe, ẹni tó ń tún fọ́tò àwọn òkú ṣe fún ìkànnì náà. Ó bínú débi pé ó wọlé lọ bá ọ̀gá náà, ó sọ ọ́ fún un lójúkojú, ó sì jáde láìdúró gbọ́ èsì. Ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n bọ́ síta, nítorí wọ́n mọ̀ pé nọ́ńbà tí iléeṣẹ́ fi ń wọ ayélujára, tí sáfà fi ń mọ̀ pé òṣìṣẹ́ ni, ni Bàbá máa ń yọ kúrò. Kálukú fi fóònù tirẹ̀ ṣí ojú ewé ìyàwó Bàbá, wọ́n rí orúkọ rẹ̀, wọ́n tì í pa, wọ́n lọ jẹun. Ó dá wọn lójú pé àwọn ti gbọ́n.

Lọ́jọ́ kejì Bàbá wọlé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó dúró láàárín iyàrá òkè.

"Ẹni mẹ́rin ya ọ̀dọ̀ ìyàwó mi lánàá, lọ́sàn-án," ó ní. "Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú wọn ò dúró kí fọ́tò rẹ̀ jáde. Sáfà wa lọ́ra, ẹ mọ̀ ọ́n. Ìdajì fọ́tò ló gbé fún wọn tí wọ́n fi sá lọ. Ẹni tó yọjú lẹ́nu ọ̀nà tó sì sá, kò tíì wá kí mi."

Akọ̀wé wo ilẹ̀. Ìyá tó ń gbálẹ̀ wo ìgbálẹ̀. Atúnfọ́tòṣe ní ebi ló ń pa òun.

"Ẹnì kẹrin wá ńkọ́?" ni Akọ̀wé béèrè.

"Ó dúró. Ó gba fọ́tò náà tán, ó ṣí èyí tí ìyàwó mi wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ṣí ti ọjọ́ ìgbéyàwó, ó ka gbogbo ohun tí mo kọ. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún ló lò." Bàbá gbé ojú sókè. "Sáfà kọ irú fóònù tó lò. Fóònù olówó gọbọi yẹn, ẹyọ kan ló wà nínú ilé yìí."

Gbogbo wọn yíjú sí ọ̀gá. Ọ̀gá ń wo fèrèsé tí kì í tì. "Inú mọ́tò ni mo wà," ó ní. "Òjò ń rọ̀, mi ò rí ibi lọ."

Wọ́n ń retí pé Bàbá á yọ ọ́ kúrò. Òfin rẹ̀ ni, kì í sì í tẹ òfin rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó mú bírò, ó tẹ́ ìwé sórí tábìlì. Orúkọ ìkọkànlá ló fagi lé.

"Bàbá, ọ̀gá mà ni," ni atúnfọ́tòṣe wí.

"Ọ̀gá kọ́ ló wá," ni Bàbá wí. "Èèyàn ló wá. Èèyàn kan."

Láti ọjọ́ yẹn, bí ọ̀gá bá ra bisikíìtì, tirẹ̀ àti ti Bàbá ló máa ń gbé lọ sí iyàrá sáfà.

Ìgbà òjò tó tẹ̀ lé e ni Bàbá ní àyà ń dun òun, ó gba ilé lọ, kò sì padà wá mọ́. Ó dùn wọ́n ju bí wọ́n ti rò lọ. Iyàrá kótópó yẹn dákẹ́, sáfà nìkan ló ń mí níbẹ̀. Wọ́n ṣe ojú ewé fún Bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyàwó rẹ̀, Akọ̀wé sì ni wọ́n fún ní iṣẹ́ kíkà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó pín ìlà tí sáfà kọ sọ́nà ogún, ó yọ àwọn rọ́bọ́ọ̀tì, ó yọ àwọn àwítúnwí. Èèyàn mọ́kàndínlógún. Ọ̀kan nínú wọn wá ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́fà géérégé.

Ó rántí pé òun fúnra òun kò tíì wá. Ó bọ́ síta, ó dúró sábẹ́ òrùlé ẹnu ọ̀nà, ó fi fóònù rẹ̀ ṣí i. Fọ́tò náà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti òkè wá, díẹ̀díẹ̀: orí pípá, iwájú orí, awò tí wọ́n fi òwú so.

Ọ̀gá jáde wá bá a. "Ṣé ó ti jáde tán?"

"Ó ku ẹnu, Ọ̀gá."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Jẹ́ ká dúró," ó ní.

Wọ́n sì dúró.