Àlájà Inshira àti Àwọn Ohun Àlòsọnù

Bí ẹ bá dé ìlú Rashid ní ilẹ̀ Íjíbítì lónìí, tí ẹ dárúkọ Àlájà Inshira ní àdúgbò àwọn apẹja, ọ̀rọ̀ okùn ìsáṣọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín. Ẹni tí wọn ò tíì bí nígbà náà pàápàá á sọ ọ́ bíi pé òun dúró níbẹ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Nagwan, ìyàwó Wagdi ọmọ rẹ̀, ra wáìpù bọ̀ láti Alẹkisáńdíríà, àwọn aṣọ pẹlẹbẹ olómi tí wọ́n máa ń fà yọ nínú ọ̀rá lẹ́yọ lẹ́yọ, tí wọ́n á fi nu nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí wọ́n á sọ ọ́ nù. Olùkọ́ ni Nagwan. Bó bá ti ilé ìwé dé, agbára àtifọ àkísà kì í kù sí i lára. Ó nu tábìlì, ó nu sítóòfù, ó nu ara fìríìjì, ó da gbogbo rẹ̀ sínú agbọ̀n ìdọ̀tí, ó lọ rẹjú. Nígbà tó máa jí, agbọ̀n ti ṣófo.

Orí òrùlé pẹrẹsẹ ilé náà ló ti bá wọn. Àlájà ti fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, ó ti fún wọn, ó sì ti sá wọn sórí okùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ́ẹ̀gì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ odò Náílì ń fẹ́ wọn lẹ́lẹ́lẹ́. Lórí òrùlé kan náà, Bàbá Shawki, ayálégbé kan tó ń sin ẹyẹlé níbẹ̀, di orí mú, ó ń wojú sánmà.

"Àlájà, ẹ ti pa mí! Ṣé ẹ mọ̀ pé aṣọ funfun ni mo máa ń jù fìrìfìrì tí n kò bá fẹ́ kí àwọn ẹyẹ yìí bà? Láti ọ̀sán ni wọ́n ti ń fò. Ẹ wo iye aṣọ tí ẹ ń jù sí wọn!"

"Jẹ́ kí wọ́n fò. Wọ́n ti sanra jù."

"Ohun yẹn kì í ṣe fífọ̀, Àlájà. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń lò ó, wọ́n á sọ ọ́ nù."

Àlájà wò ó láti orí fìlà dé ẹsẹ̀. "Shawki, bí a bá ní ká máa sọ gbogbo ohun tó ti ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan nù, ta ló máa kù ní àdúgbò yìí? Ìwọ ni wọn ì bá kọ́kọ́ gbé."

Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn. Ó kúrú, ó dúdú díẹ̀, ó máa ń ká apá aṣọ rẹ̀ sókè dé ìgúnpá bíi pé ẹnìkan ti pè é níjà. Ìgbálẹ̀ tí wọ́n fi imọ̀ igi dàbínù ṣe ló fi ń gbálẹ̀, kànìnkànìn tí wọ́n bó lára igi kan náà ló fi ń fọ abọ́, eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ ló fi ń fọ bàbà, àpò ìrẹsì tó ti gbó ló sì fi ń nu ilẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti máa ń fọ àtẹ̀gùn tí gbogbo ayálégbé ilé náà ń gùn, ẹni tó bá sì fi bàtà tẹ̀ ẹ́ kó tó gbẹ, ìjà ni. Nígbà tí Nagwan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé wọn, ó bi í pé, "Màmá, ṣé ẹ kì í fẹ́ nǹkan tuntun rárá ni?" Àlájà ní, "Mo fẹ́ ẹ. Ìwọ ńkọ́, ṣé kì í ṣe tuntun la gbé ọ wálé?" Nagwan ò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun bínú, ó sì pẹ́ kó tó mọ̀.

Rírà ìgbálẹ̀ pàápàá, ogun ni. Bàbá Dusuki ló ń tà á nítòsí mọ́ṣáláṣí ńlá. Àlájà kì í ra ìgbálẹ̀ tí kò dán wò. Yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́ wò, yóò wá bẹ̀rẹ̀, yóò gbá ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà láti ẹ̀yìn dé iwájú. Tó bá gbá a tán, á ju ìgbálẹ̀ náà sílẹ̀. "Kò mú ilẹ̀." Á mú òmíràn, á tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń kọjá á ní, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ kì í lé obìnrin yìí?" Ọ̀rọ̀ yẹn ló yà wọ́n lẹ́nu jù lọ nígbà tí àṣírí tú: bí Bàbá Dusuki bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán, ló máa ń yára fọ́n èèpo ẹ̀gúsí tó ń jẹ sí gbogbo ilẹ̀.

Wọ́n tún máa ń sọ ti ọ̀dọ́mọkùnrin ẹlẹ́wù funfun tó ń polówó oògùn ìfọbàbà láti ojúlé dé ojúlé. Nagwan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ. Ọmọkùnrin náà ní kí wọ́n fún òun ní ohun tó bá dọ̀tí jù nínú ilé. Àlájà gbé àwo bàbà ńlá kan jáde, ó fa ìlà sí àárín rẹ̀. "Ìwọ gba apá yìí, kí èmi gba apá kejì."

Ọmọkùnrin náà fọ́n oògùn rẹ̀, ó fa bébà ìnuwọ́ kan yọ, ó nu ún, ó tán. Bàbà ń kọ mànà. Àlájà ṣì wà níbi tó ti ń ha eérú, èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò, òógùn ń já bọ́ sínú àwo. Ó pẹ́ gan-an kí tirẹ̀ tó dán, nígbà tó sì dán, Nagwan tó wò ó dáadáa rí i pé ti ọmọkùnrin yẹn dán jù ú lọ díẹ̀.

"Àlájà, ẹ ti rí i," ni ọmọkùnrin náà wí, ẹnu rẹ̀ ò padé.

"Mo rí i. Ó dán." Àlájà nu iwájú orí rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ṣé ó rẹ̀ ọ́?"

"Kò rẹ̀ mí rárá!"

"Ìwọ wò ó. Bí kò bá rẹ̀ ọ́, báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ìwọ lo ṣe é?"

Ọmọkùnrin náà jókòó. Ó mu tíì ife méjì, ó jẹ ẹ̀wà pẹ̀lú búrẹ́dì gbígbóná, ó sì gbàgbé ike oògùn rẹ̀ sílẹ̀. Àlájà da ohun inú rẹ̀ nù, ó fọ ike náà, ó rọ omi sí i, ó ń fi fọ́n ewé ẹ̀fínrín ojú fèrèsé rẹ̀. Ó ní ike náà dára, ẹni tó bí i ni kò tọ́ ọ dáadáa.

Ẹ má rò pé kò mọ nǹkan tuntun ṣe o. Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dun Nagwan, tí kò lè bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀ mọ́, ó ra ìnulẹ̀ kan tó ní ọ̀pá gígùn, tó jẹ́ pé orí rẹ̀ ni wọ́n ń yọ sọ nù tó bá ti dọ̀tí. Kò lò ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kó tó di pé ó bá Àlájà níbi tó jókòó sí nílẹ̀ yàrá ìdáná, tó fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀pá náà mọ́lẹ̀, tó ń fi okùn di orí ìgbálẹ̀ dàbínù mọ́ ọn.

"Màmá! Kí lẹ ń ṣe nǹkan mi?"

"Mò ń fẹ́ ìyàwó fún un. Ọ̀pá ilé iṣẹ́, orí ilé wa."

Nagwan gbà á, ó fi gbálẹ̀ lórí ìdúró, ẹ̀yìn ò dùn ún. Ó yí padà kó dúpẹ́, ṣùgbọ́n Àlájà ti gbọ́wọ́ sókè. "Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó sú mi kí n máa wo bí o ṣe ń gbálẹ̀ bíi pé o ń wá yẹtí tó sọ nù ni."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ ni Nagwan kì í lè sọ délẹ̀ kí ohùn rẹ̀ má yí.

Gbogbo ẹbí Wagdi ló wá. Ihsan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, wà níbẹ̀, ẹni tó ti ń sọ láti ọjọ́ ìgbéyàwó pé obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba kò lè mọ ilé tọ́jú. Wọ́n ti tẹ́ tábìlì, ẹja oníyọ̀ ti wà lórí rẹ̀, àlùbọ́sà eléwé ti wà níbẹ̀, òórùn ọdún ti gba ilé. Àfi bí omi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ó ń bọ̀ ní pálọ̀, àwọn àlejò sì gbẹ́sẹ̀ sórí àga.

Wọ́n sáré pe oníṣẹ́ páìpù. Ọkùnrin náà ti wáyà bọ inú ihò, ó yí i, ó fà á. Ohun tó ń jáde kò tán. Wáìpù lé wáìpù, wọ́n ti lọ́ mọ́ra wọn, wọ́n gùn bí okùn ọkọ̀ ojú omi. Ó ń fà, àwọn èèyàn ń wò. Ẹ̀jẹ̀ ti kúrò lójú Nagwan, nítorí pé òun ló ń dà wọ́n síbẹ̀, kí ìyá ọkọ rẹ̀ má bàa tún kó wọn lọ fọ̀.

"Ta ló ń kó èyí sínú ihò?" ni Ihsan béèrè. Ojú Nagwan ló ń wò.

"Èmi ni," ni Àlájà dáhùn.

Gbogbo ojú yí sí i. Obìnrin tó ti fi ìmọ́tótó yangàn láti kékeré, tí wọ́n ń fi ilẹ̀ ilé rẹ̀ búra ní àdúgbò, ni omi ìdọ̀tí ń ṣàn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú àlejò, ó sì ní òun ló fà á.

"Ẹ̀yin, Màmá? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fọ̀ wọ́n?"

"Ibi tí mo ti ń fọ̀ wọ́n náà ni. Wọ́n bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Gbogbo èyí?"

"Gbogbo ẹ̀. Ṣé mi ò lè darúgbó ni, Ihsan? Àbí ìwọ nìkan lo fẹ́ darúgbó nínú ilé yìí?"

Ẹ̀rín pa oníṣẹ́ páìpù débi tí wáyà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ihsan yíjú sí orí tábìlì.

Nígbà tí wọ́n nu ilẹ̀ tán, tí wọ́n jẹun tán, Nagwan dúró ní yàrá ìdáná, omijé ń bọ́ sínú abọ́ tó ń fọ̀. Àlájà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

"Màmá, ẹ dárí jì mí. Ìtìjú yẹn, èmi ló yẹ kó bá."

"Pa ẹnu mọ́. Ta ló ní nítorí tìrẹ ni mo ṣe é? Ihsan tí o rí yẹn, tó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, oúnjẹ á tutù." Ó gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó rí i pé kò mọ́, ó tún un fọ̀. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ẹ̀rù mi ló bà ọ́ tí o fi ń dà á síbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Àlájà fọ abọ́ yẹn pẹ́. "Ó dáa. Máa kó o sínú agbọ̀n, mi ò ní tú agbọ̀n rẹ mọ́." Ó sì pa àdéhùn yẹn mọ́. Ó kàn máa ń dúró síwájú agbọ̀n náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á mí kanlẹ̀ bí ẹni tó wá kí aláìsàn.

Ọdún tí àìsàn ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú, dókítà ní kò gbọ́dọ̀ gun àtẹ̀gùn mọ́, kò gbọ́dọ̀ gbé omi. Ó gbà fún dókítà lójú, kò gbà fún un lẹ́yìn. Ìgbà tí ó dùbúlẹ̀ pátápátá ni Nagwan tó mọ̀ pé òótọ́ ni àìsàn náà. Láràárọ̀ kó tó lọ sílé ìwé, á fi wáìpù nu ojú rẹ̀, ọrùn rẹ̀, àti ọwọ́ rẹ̀ tí eérú àti ọṣẹ ti sọ di líle bí awọ bàtà. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Àlájà di ojú. Lọ́jọ́ kejì, ó ní, "Ó tutù. Ó dára." Lẹ́yìn náà ló la ojú kan. "Tí o bá sọ fún Shawki pé mo sọ bẹ́ẹ̀, mo máa dìde."

Nagwan rẹ́rìn-ín, ó nu ọwọ́ rẹ̀ tán, ó fẹ́ sọ wáìpù náà nù.

"Yí i padà," ni Àlájà wí. "Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì mọ́."

Ó kú ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n ti sin ín, èèyàn sì pọ̀ lẹ́yìn òkú rẹ̀ débi pé àwọn apẹja fi ọkọ̀ wọn sílẹ̀ sétí odò láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Lẹ́yìn tí ọ̀fọ̀ kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn obìnrin ilé náà pàdé lórí àtẹ̀gùn, wọ́n dúró, wọ́n ń wolẹ̀. Eruku wà níbẹ̀. Èèpo ẹ̀pà wà níbẹ̀, àbàwọ́n tíì àwọn tó wá kẹ́dùn wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ ẹni tó yẹ kó gbá a. Obìnrin tó ti ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà èwe ló sọ ọ́ jáde: "Mi ò mọ̀ pé àtẹ̀gùn yìí máa ń dọ̀tí." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí wọn ò wo ojú ara wọn mọ́.

Nagwan ló kọ́kọ́ wọlé lọ pọn omi. Kálukú mú ohun tó ní nílé wá, ẹnìkan gbé oògùn olóòórùn dídùn, ẹnìkan gbé àkísà, ẹnìkan gbé wáìpù ọ̀rá kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti òkè, wọ́n ń fọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀, wọ́n ń fi ohùn Àlájà bú ara wọn. "Ṣé bí o ṣe máa ń nu ojú ọkọ rẹ nìyẹn?" "Igun yẹn, igun yẹn, àbí o fẹ́ kí n kú ni?" Ariwo wọn dé títì.

Ibẹ̀ ni Bàbá Shawki bá wọn nígbà tó ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo àtẹ̀gùn tó ṣì tutù. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìnira, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì mú un dání.

"Bàbá, ẹ máa wọ̀ ọ́ bọ̀," ni Nagwan wí. "Kò sí ẹni tó máa bá yín jà mọ́."

"Mo mọ̀, ọmọ mi," ni bàbá náà dáhùn, ó sì rọra gun àtẹ̀gùn náà lọ sókè láìwọ bàtà.