Odi Tí Mi Ò Rí Nínú Ọyàn Ẹ̀gbọ́n Mi

Òórùn fọ́málìn, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran ara jẹrà, kì í tètè kúrò lára èèyàn. Ìwọ tí o ti ṣe iṣẹ́ láàbù rí, o mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo wà ní ọsibítù kan ní Kaduna, bí mo bá wọ mọ́tò lọ sílé ní Ungwan Boro, àwọn èrò á máa yínmú, èmi náà á bá wọn yínmú bí ẹni pé èmi kọ́.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gé díẹ̀ nínú kókó tó wà lọ́yàn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, èmi ni mo fọwọ́ ara mi gbé e wá sí láàbù. Ọ̀gá wa, dókítà kan tó jẹ́ Hausa, wò ó, ó ní jẹjẹrẹ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ò tíì mọ̀ bóyá ó ti jáde síta. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan máa ń tò yí ojú ọ̀nà wàrà ká bí odi. A ní oògùn tó ń lẹ̀ mọ́ àwọn nìkan, tó ń sọ wọ́n di rúsúrúsú. Bí odi náà bá pé, jẹjẹrẹ ṣì wà ní àhámọ́, wọn á gé e kúrò, ó parí. Bí kò bá sí odi, a jẹ́ pé ó ti ráyè rìn, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó dé.

Ọjọ́ kejì la fẹ́ fi oògùn náà yẹ ti gbogbo aláìsàn wò pọ̀. Mi ò lè dúró. Mo dá ti ẹ̀gbọ́n mi nìkan ṣe, mo wojú ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, yéè! Kò sí odi kankan. Mo ti ń pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù nígbà tí dókítà wọlé.

"Haba! Ina control?" ló bi mí, pé control dà. Ẹran tí a ti mọ̀ pé odi wà nínú rẹ̀ ló ń béèrè, èyí tí a gbọ́dọ̀ ṣe pọ̀ mọ́ ti aláìsàn ká lè mọ̀ bóyá oògùn ṣiṣẹ́. Mi ò ṣe é. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ẹlòmíì! Ojú tì mí, mo pa fóònù.

A tún un ṣe pẹ̀lú èyí tí a mọ̀. Òun náà funfun báláú! Oògùn ló ti kú. Iná tí kò sí fún ọjọ́ mẹ́ta ló bà á jẹ́ nínú fíríìjì. A ṣí ìgò tuntun. Nígbà tí mo tún wo ti ẹ̀gbọ́n mi, odi rúsúrúsú yí i ká, kò já níbì kankan. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bú sẹ́kún ayọ̀. Dókítà ní "Alhamdulillahi," ó rọra jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi pè padà. "Kí ló dé tí o pè mí, tí o tún pa á?"

Mo rò ó fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ẹ̀ sin mí láàyè!"

Wọ́n ti gé kókó náà kúrò tipẹ́, ara rẹ̀ sì le koko. Mo ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń bà mí lẹ́rù títí dòní ni pé mi ò fẹ́ parọ́ fún un lọ́jọ́ náà. Ó dá mi lójú pé òótọ́ ni mo fẹ́ sọ, irọ́ sì ni.