Ọjọ́ tí Sinimá Ẹ̀gbọ́n Mi Fọhùn

Mo rántí ìgbà tí a ń fi àgbàdo gbígbẹ rọ òjò nínú yàrá. Èmi ni mo máa ń da àgbàdo sórí tìréè onípáànù díẹ̀díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi á gbé rikọ́dà sún mọ́ ọn, á máa fi ojú sọ fún mi pé kí n jẹ́ kí òjò náà le sí i. Bí ó bá fẹ́ kí àrá sán, á fi ẹsẹ̀ ta ògbólógbòó páànù tó fara ti ògiri. Ìyá wa á sì pariwo láti ilé ìdáná pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ fẹ́ wó ilé lé mi lórí ni?" Ohùn ìyá wa náà á ti wọ inú téépù. A óò tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ayàfọ́tò ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin yìí. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Mayfair, ní Ifẹ̀ níbí, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti máa ń wá ya fọ́tò. Òyìnbó olùkọ́ kan tó ń padà sílùú rẹ̀ ló fi kámẹ́rà sinimá kékeré kan sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tan àwòrán sára aṣọ funfun. Kámẹ́rà náà ríran, ṣùgbọ́n adití ni. Àwòrán nìkan ló ń gbà, kì í gba ohùn. Ìyẹn ò da ẹ̀gbọ́n mi láàmú rárá. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó kó wa jọ, ó ní àwa náà á ṣe sinimá, ìtàn ọmọkùnrin kan tó ń tọrọ ọmọge lọ́wọ́ bàbá tó lágídí. Èmi tí mò ń kọ́ṣẹ́ ìwé títẹ̀ nígbà náà, tí mo gbà pé kò sí arẹwà bíi tèmi láti Ifẹ̀ títí dé Ìbàdàn, ni ó fi ṣe ọmọge. Télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ṣe ọkọ ìyàwó. Àbúrò bàbá wa tó ń gbé lóko kòkó ló ṣe bàbá alágídí náà.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ní ọmọbìnrin tó ń fẹ́ ní Mọdákẹ́kẹ́. Bàbá ọmọbìnrin náà ti ṣiṣẹ́ ní kóòtù ìbílẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òun ló máa ń jáde síta pe orúkọ àwọn tí ẹjọ́ kàn. Wọ́n ní bí bàbá bá ké sí ẹlẹ́jọ́, adìyẹ tó ń jẹ̀ lẹ́yìn kóòtù á fò sókè. Kò fẹ́ràn iṣẹ́ fọ́tò. Ní àṣálẹ́ tí a kọ́kọ́ tan sinimá náà lágbàálé wa láìsí ohùn, ó wà níbẹ̀. Ó wò wá títí, bí a ti ń la ẹnu, tí a ń pa ẹnu dé lára aṣọ bí ẹja inú omi. Nígbà tó parí, ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Ṣé odi ni gbogbo yín ni?"

"Rárá o, bàbá. Kámẹ́rà yẹn ni kì í gba ohùn, sà."

"Ó dára. Ọjọ́ tí sinimá rẹ bá sọ̀rọ̀, kí o wá bá mi sọ̀rọ̀ ọmọ mi."

Ohun tó gbé wa dé ìdí òjò àgbàdo nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi á tan sinimá sára ògiri, a óò máa wo ẹnu ara wa, a óò máa sọ̀rọ̀ sínú rikọ́dà. Télọ̀ ò lè sọ gbólóhùn kan kó má rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi ló wá ń sọ tirẹ̀ sínú téépù. Àbúrò bàbá wa wá láti oko, ó sọ tirẹ̀ sínú téépù pẹ̀lú ìbínú tó dùn mọ́ wa nínú, ó sì padà sídìí kòkó rẹ̀ tó ti ń pọ́n.

Gbọ̀ngàn ilé ìwé kan la yá. Ọ̀sán ni, a fi ẹní dí gbogbo fèrèsé kí inú ilé lè ṣókùnkùn. Èèyàn wá láti Ìlóde, láti Ìrẹ́mọ, láti Mọdákẹ́kẹ́. Ooru mú bí inú ààrò. Bàbá kóòtù jókòó níwájú pátápátá, ó ká ọwọ́ lẹ́rán, ọmọ rẹ̀ jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí òjò wa bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, tí àrá sì sán, obìnrin kan fa ìborùn rẹ̀ bo orí. Ariwo sọ! Mo yọ̀ débi pé mi ò mọ ìgbà tí mo gbá télọ̀ létí.

Kò pẹ́ tí iná mànàmáná fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán ń lo iná, ó ń fà bí arúgbó tó ń gun òkè. Rikọ́dà ní tirẹ̀ ń lo bátìrì, ó ń sáré lọ ní tirẹ̀. Ohùn ya àwòrán sílẹ̀. Ewúrẹ́ kan tó ṣèèṣì kọjá níwájú kámẹ́rà ń jẹ koríko lára aṣọ nígbà tí ohùn àbúrò bàbá wa bú jáde láti ẹnu rẹ̀ pé, "Ta ló bí ọ?" Mo la ẹnu tèmi, arẹwà, ohùn ọkùnrin ńlá ló tún jáde: "Èmi ni bàbá rẹ̀, mo sì ti kọ̀!" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń ṣubú lu ara wọn. Ẹ̀gbọ́n mi pa rikọ́dà.

"Ó ti tún yadi," ni bàbá kóòtù wí, ó sì ń wá bàtà rẹ̀ kó lè dìde.

Mi ò mọ ohun tó gbé mi. Mo fò lọ síwájú, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, bí ẹnu mi lára aṣọ ṣe là ni mo ké: "Olólùfẹ́, bàbá mi ń bọ̀ o!" Láti ìdí ẹ̀rọ, ẹ̀gbọ́n mi dá mi lóhùn: "Jẹ́ kó máa bọ̀! Mi ò sá!" Àtẹ́wọ́ dún. Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn, èmi níwájú, òun lẹ́yìn, títí a fi dé ibi tí ọkọ ìyàwó ti dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ọmọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lọ́mọ yín," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, bàbá kóòtù ló sì kọjú sí. Gbogbo wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti sinimá mọ́.

Lára aṣọ, bàbá alágídí la ẹnu. Ẹni tó ni ohùn náà wà lóko, ó ń já kòkó. Ìgbà náà ni ohùn kan dún láti ìjókòó iwájú, adìyẹ ìbá fò:

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe? Ṣé òjìji ni wàá máa sè fún ọmọ mi jẹ?"

Bàbá kóòtù ló dìde! Ohùn rẹ̀ bá ẹnu ẹni ara aṣọ mu régé. Bí onítọ̀hún ṣe ń na ìka, bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀ náà ń na. Gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Ó ti ń dùn mọ́ bàbá nínú, ó ń bú ẹ̀gbọ́n mi lọ ràì, kò mọ̀ pé sinimá ò dúró de òun. Bàbá ara aṣọ ti ń rẹ́rìn-ín, ó ti fa ọkọ ìyàwó dìde.

"Mo ní mi ò gbà!" ni bàbá kóòtù ké.

"Irọ́ ni!" ni gbogbo ilé dáhùn. "Bàbá, ẹ wo ara yín lára aṣọ! Ẹ̀ ń gbà!"

Ó wo aṣọ. Ó bojú wẹ̀yìn wo ọmọ rẹ̀, tó ti fi gèlè bojú, tí èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Ó mí kanlẹ̀. Ó wá fi ohùn tó fi ń pe ẹlẹ́jọ́ sọ ọ́: "Ó dára! Mo ti fún ọ!"

Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹ̀rọ sílẹ̀, ó sáré wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. "Bàbá, ṣé ti sinimá lẹ̀ ń wí ni àbí ti ilé?"

"Kí ni mo sọ fún ọ? Mo ní ọjọ́ tó bá sọ̀rọ̀. Ṣé kò sọ̀rọ̀ ni?"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́, pàápàá níwájú irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Inú àtẹ́wọ́ tó tẹ̀lé e ni mo ti ń kúnlẹ̀ ọ̀tún, tí mò ń kúnlẹ̀ òsì, torí mo rò pé èmi ni wọ́n ń yẹ́ sí.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi ra kámẹ́rà tó ń gba àwòrán àti ohùn pọ̀, kò sì sí ewúrẹ́ tó tún fi ohùn èèyàn sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá ìyàwó ò fẹ́ràn kámẹ́rà tuntun náà. Bó bá ti gbọ́ pé a fẹ́ tan sinimá, á ránṣẹ́ ṣáájú pé, "Ta ni mo máa sọ̀rọ̀ fún lónìí?" A óò ní kó má ṣèyọnu, pé àwọn ara aṣọ ti ń dá sọ̀rọ̀ fúnra wọn. Á jókòó síwájú, á sì máa dá wọn lóhùn síbẹ̀, títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Lónìí, inú àtẹ́lẹwọ́ làwọn ọmọ-ọmọ mi ti ń wo sinimá, wọ́n á ki ohùn rẹ̀ bọ etí. Ọ̀kan á dédé bú sẹ́rìn-ín, a ò ní mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Mi ò bá wọn jà. Ohùn tiwọn mọ́ gaara ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ sinimá púpọ̀ láyé mi, mi ò tíì tún wọ gbọ̀ngàn kan tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn ti jọ ń wá ohùn fún ẹni tí kò ní, tí wọ́n sì rí i.