Àsùnwọ̀n Òyìnbó àti Ewé Orí Àpáta

Ní Ìfọ̀, ní ọdún 1954, ta ni kò mọ Sùwéébátù eléwé ọmọ? Àsùnwọ̀n òyìnbó ló fi ń wo làpálàpá. Igi kékeré ni, òdòdó rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ẹ̀yìn ṣáláńgá gbogbo ló sì kún. Ibi tó ń hù yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí àwọn èèyàn kà á sí.

Hàfísátù, ọmọ Ròkíátù, ń lọ sílé ọkọ lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí i, làpálàpá sì bo ọrùn rẹ̀ yí ká. Ẹ sì mọ àwọn ìyàwó ilé: wọ́n á ṣí ìborùn ìyàwó wò kí wọ́n tó jẹ́ kó jókòó.

Àfi bí Bùrẹ́ímọ̀, òṣìṣẹ́ rélùwéè, ṣe ti Jọ́ọ̀sì dé pẹ̀lú ohun kan tó gbẹ bí irun àgbò. Ó ní òògùn làpálàpá ni, pé orí àpáta ló ń hù, ọjọ́ mẹ́ta lòun fi wá a. Ó jù ú sínú omi lójú Ròkíátù àti Sùwéébátù. Kíá, ó ti tutù yọ̀yọ̀. Ká má parọ́, ẹ̀rù ba Sùwéébátù. Ewé tirẹ̀, tó bá ti gbẹ, ó gbẹ náà nìyẹn.

Ròkíátù ní, “Ìyá, ẹ má bínú. Ohun tó kú tó tún jí, làpálàpá wo ló máa dúró dè é?”

“Kò burú,” ni Sùwéébátù fèsì. “Fi ti òkè Ọya sí òsì ọrùn rẹ̀, kí n fi tèmi sí ọ̀tún.”

Lẹ́yìn ọjọ́ méjìlá, ọ̀tún mọ́ kedere. Òsì wà bó ṣe wà.

“Ẹ ò rí agbára,” ni Ròkíátù wí. “Òsì la fi sí, ọ̀tún ló ti ń ṣiṣẹ́.” Gbogbo àdúgbò gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń bẹ Bùrẹ́ímọ̀ pé kó bá wọn mú tiwọn bọ̀.

Ó dun Sùwéébátù dé eegun. Ogún ọdún tó ti ń gún ewé, irú ìwọ̀sí wo nìyí?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Hàfísátù nìkan dé, ó kúnlẹ̀, ó ṣí ìborùn.

“Ìyá, ó ku ọjọ́ mẹ́jọ. Mo ti fọ tiwọn dànù. Ẹ bá mi fi tiyín sí òsì. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, màmá mi ò gbọ́dọ̀ gbọ́.”

 Sùwéébátù mọ̀ pé tí òsì bá mọ́, Bùrẹ́ímọ̀ ni gbogbo Ìfọ̀ máa kí kú iṣẹ́. Ó yí ẹnu sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó pòṣé, ó ní kí ọmọ náà sún mọ́ òun.