Ọkọ̀ Ojú Irin Orí Tábìlì Wa

Nígbà tí a kó dé Òkóta, kí a tó gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé ni ọkọ mi ti gbé ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ wọlé. Ohun ìṣeré ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí i láti ìlú òyìnbó: ẹ́ńjìnì kan, kọ́ọ̀ṣì mélòó kan tó ń fà, àti irin tí wọ́n ń tò pọ̀ lórí tábìlì. Inú irin yẹn ni iná mànàmáná ń gbà tó fi ń sáré. Bí eruku bá ti bò ó, gbagidi ló máa dúró. Nítorí náà, lọ́jọ́ Àìkú, ọkọ mi á fi òwú àti sípíríìtì nu irin, á wá kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí ẹ́ńjìnì.

Àìsàn ojú wá dé. Kò dùn ún, a ò tètè mọ̀. Nígbà tí a fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, ojú ọkọ mi ti fọ́. Ó pa ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún rédíò ṣe ní Òṣòdì tì. Èmi ni mo wá ń nu ọkọ̀ náà, òun á jókòó tì mí.

"Fọwọ́ ra irin yẹn. Ṣé ó ń lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́?"

"Ó ń lẹ̀ díẹ̀."

"Kò tíì mọ́ nìyẹn."

Bí mo bá parí, á gbé àgbọ̀n lé etí tábìlì, á máa gbọ́ bó ṣe ń yí ká. Ìgbà yẹn nìkan ló máa ń rẹ́rìn-ín.

Òjò kan ló ba ọkọ̀ náà jẹ́. Gọ́tà kún, omi ya wọ yàrá wa. Ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ fà jáde. Nígbà tí omi fà, ẹrẹ̀ ti kún inú ẹ́ńjìnì. Mo tú u, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́, mo sá a, mo kán òróró sí i. Kò mira. Mo gbé e lọ bá atúnnáṣe kan ní Ṣógúnlé. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó mirí.

"Màmá, wáyà inú ẹ̀ ti jẹrà. Ẹ ò lè rí irú ẹ̀ rà mọ́."

Nígbà tí mo délé, ọkọ mi ti jókòó sídìí tábìlì.

"Ṣé ó ti ń lọ?"

Mo gbé e sórí irin, mo ń fi ìka tì í. Ó tẹ́tí.

"Ìwọ lò ń tì í."

"Èmi ni. Ẹ má bínú."

Ó nawọ́, ó wá ẹ́ńjìnì náà kàn, ó dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n kó gbogbo rẹ̀ kúrò níwájú òun.

Kò jókòó sídìí tábìlì mọ́. Mo ní kí n tan rédíò fún un, ó kọ̀. Ó ń kọjú sí ògiri. Lọ́jọ́ kan, lọ́sàn-án gangan, ó bi mí bóyá ilẹ̀ ti ṣú. Mo ní kò tíì ṣú. Ó ní kí n ṣáà tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún òun.